Wi-Fi ò gbé lórí Linux yín? Ẹ má tíì fọ́máàtì, ẹ jẹ́ ká wá ibi tó ti já

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux ní Ifẹ̀ níbí, yálà Ubuntu ni o, Mint ni o, àbí Debian, ọ̀rọ̀ Wi-Fi tó máa ń dédé kọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun tí mò ń rí láti Láàgéré dé Mayfair ni pé tí Wi-Fi bá ti kọ̀ báyìí, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tó máa fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n á sanwó, fáìlì á lọ, tí wọ́n bá sì gbé e délé Wi-Fi ò tún ní gbé, torí pé ibi tó ti já gan-an kọ́ ni wọ́n fọwọ́ kàn. Íntánẹ́ẹ̀tì yìí ń gba ibi púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín: dátà gbọ́dọ̀ wà, ráútà gbọ́dọ̀ gbé e, ó máa gba afẹ́fẹ́ kọjá dé ara adapter (ohun tó ń gba Wi-Fi sínú kọ̀ǹpútà), dráífà (ètò tí Linux fi ń bá adapter sọ̀rọ̀) máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó tó wá di pé Firefox ṣí nǹkan kan fún yín. Ibì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń já nínú gbogbo ẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń wá ibi tí páìpù omi ti ń jò ni, ẹ ò ní hú gbogbo páìpù ilé, ẹ máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ ni. Torí náà, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe é, ẹ wò ó bóyá nǹkan yí padà, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí òmíràn, torí ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, ọjọ́ tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí.

Ká tó fọwọ́ kan Linux rárá, ẹ mú fóònù yín, ẹ pa dátà orí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá so ó mọ́ Wi-Fi ilé yẹn gan-an tí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti lò. Tí fóònù bá ń ṣí nǹkan dáadáa, ráútà ò jẹ̀bi, ara kọ̀ǹpútà ni wàhálà wà, ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi lọ. Àmọ́ tí fóònù náà bá ní òun ti wọlé ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi Linux sílẹ̀ jàre, ó lè jẹ́ dátà ló tán. Ẹ yọ síìmù inú ráútà, ẹ fi sínú fóònù, ẹ tẹ *323#, láti 2023 ni nọ́ńbà yẹn ti di ọ̀kan náà fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, ó máa sọ iye dátà tó kù. Tó bá sì jẹ́ pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tẹ́ ẹ wá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ fún ráútà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó jí dáadáa, kó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí Terminal, ojú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Linux, ṣí (tí kò bá ṣí, ẹ wá Terminal láàrin àwọn ètò yín), ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, kò sí ohun tó máa bàjẹ́ nínú àwọn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ yìí, wíwò lásán ni wọ́n. Ẹ kọ èyí, kẹ́ ẹ tẹ Enter:

nmcli device status

Ìlà mélòó kan ló máa jáde. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ wifi sí lábẹ́ TYPE. Orúkọ ẹ̀ lè jẹ́ wlan0, tàbí wlp3s0, tàbí wlx pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn lẹ́yìn ẹ̀ tó bá jẹ́ pé adapter USB ni. Ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀, a máa lò ó. Èmi á máa pè é ní wlp3s0, ẹ̀yin ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ STATE ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Tí kò bá sí ìlà wifi kankan, Linux ò rí adapter yín àbí kò ní dráífà ẹ̀. Tó bá ní unavailable, ó rí i àmọ́ wọ́n ti pa á, tàbí kí firmware ẹ̀ (ètò kékeré tí adapter fúnra ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́) má sí. Tó bá ní unmanaged, wọ́n sọ fún NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Linux, pé kó má fọwọ́ kàn án. Disconnected túmọ̀ sí pé ara adapter le koko, kò kàn tíì wọlé sórí ráútà ni. Tó bá sì ní connected tí nǹkan kan ò ṣí, wàhálà lè ti kọjá ọ̀rọ̀ Wi-Fi nìyẹn, ẹ fo gbogbo ìyókù lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ ping (àṣẹ tó ń wò bóyá ibì kan ń dáhùn) nísàlẹ̀. Èmi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í da àṣẹ tó rí níbì kan sínú Terminal kó tó mọ èwo nínú márùn-ún yìí ló ń bá a jà.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí kò sí ìlà wifi rárá, òun ló máa ń da àwọn oní-dẹ́sítọ́ọ̀pù láàmú jù. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà, àwọn HP àti Dell tó ti ọ́fíìsì òyìnbó wá yẹn, kò ní káàdì Wi-Fi nínú látìbẹ̀rẹ̀, ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀:

lspci -nnk | grep -i -A3 network

Tí Network controller bá jáde, káàdì wà nínú. Ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e, bóyá wọ́n kọ Kernel driver in use síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́, dráífà ti wà, tí ò bá sí níbẹ̀, dráífà lẹ ń wá. Tó bá sì jẹ́ adapter kékeré tí wọ́n ń kì bọ USB lẹ̀ ń lò, ẹ tẹ lsusb. Nọ́ńbà tó ní àmì méjì láàrin, bíi 0bda:8179, ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, torí orúkọ tó wà lára páálí adapter kì í fìgbà gbogbo sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0bda, Realtek ni, 148f jẹ́ Ralink. Ní ti lspci, 14e4 jẹ́ Broadcom, 8086 jẹ́ Intel.

Nǹkan kan wà tí àwọn adapter Realtek kan máa ń ṣe tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Àǹtí kan tó ń tẹ̀wé fáwọn ọmọ yunifásítì ní Parakin ra ọ̀kan, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, Wi-Fi ò jáde, dípò ìyẹn nǹkan kan tó jọ síìdì ló yọ lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó pè mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?" Mo ní, "Rárá o Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Linux rí ná." A tẹ lsusb, 0bda:1a2b ló jáde. Ìdí ẹ̀ ni pé wọ́n kó dráífà Windows sínú adapter yẹn, tó bá kọ́kọ́ wọlé, bíi síìdì ló máa ń ṣe ara ẹ̀, Windows á gbé dráífà jáde nínú ẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa tó di Wi-Fi. Lórí Linux, ẹ máa fúnra yín ní kó yí padà ni (sudo lẹ fi ń gba àṣẹ ọ̀gá, apt ló ń gbé ètò wálẹ̀):

sudo apt install usb-modeswitch
sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b

Ẹ tún tẹ lsusb, nọ́ńbà ẹ̀ á ti yí, tí kernel yín (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) bá sì ní dráífà fún nọ́ńbà tuntun yẹn, ìlà wifi á yọ. Ohun tó gbé tiwọn nìyẹn, kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé, "Wi-Fi ò ṣiṣẹ́, báwo la ṣe máa fi apt gbé nǹkan wálẹ̀?" Fóònù Android yín lẹ máa lò. Ẹ fi wáyà tẹ́ ẹ fi ń ṣáàjì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sínú Settings lórí fóònù, níbi Hotspot, ẹ tan USB tethering. Linux máa rí i lójú ẹsẹ̀ bíi pé okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ kì bọ̀ ọ́, kò ní bi yín ní dráífà. Wáyà yẹn ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé fáìlì, torí àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan ò mọ̀ ju kí wọ́n ṣáàjì lọ. Ẹ ṣọ́ dátà yín o: linux-firmware ti Ubuntu nìkan lè ju 200MB lọ, ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ update mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ Broadcom lórí Ubuntu tàbí Mint, ẹ ṣí Additional Drivers, Driver Manager ni Mint ń pe tiẹ̀, ó máa fi dráífà hàn yín, tàbí kẹ́ ẹ tẹ:

sudo apt install bcmwl-kernel-source

Ẹ dúró dáadáa níbí. Tí Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí dráífà tí kò mọ̀ wọlé, bá wà ní títàn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá pásíwọ́ọ̀dù kan, tẹ́ ẹ bá wá rístáàtì, ojú búlúù kan máa yọ tó ní kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì èyíkéyìí kẹ́ ẹ lè ṣe MOK management, ìyẹn kẹ́ ẹ fọwọ́ sí dráífà náà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló máa fi dúró, tí kò bá rí yín ó máa kọjá lọ, dráífà á wà lórí kọ̀ǹpútà àmọ́ kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lọ bomi mu lákòókò yẹn tí wọ́n wá rò pé dráífà ò dáa. Ẹ jókòó tì í, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ yan Enroll MOK, lẹ́yìn náà Continue, ẹ gbà á ní Yes, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ dá yẹn, kẹ́ ẹ wá rístáàtì.

Ní ti àwọn adapter USB Realtek tuntun bíi RTL8821CU àti RTL8822BU, láti kernel 6.2 ni dráífà wọn ti wà nínú Linux fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ uname -r. Tí tiyín bá kéré sí ìyẹn, lójú tèmi, ó sàn kẹ́ ẹ lọ sórí ẹ̀yà Ubuntu tàbí Mint tó tuntun ju kẹ́ ẹ máa kọ́ dráífà fúnra yín lọ, torí dráífà téèyàn fọwọ́ kọ́ lè kú nígbà tí kernel bá yí padà, ẹ á sì tún ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ò bá tíì ra adapter, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè chip inú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóònù wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọwó.

Ti unavailable rọrùn. Ẹ tẹ rfkill list. Tó bá ní Soft blocked: yes, ẹ tẹ:

rfkill unblock wifi
nmcli radio wifi on

Tó bá jẹ́ Hard blocked, bọ́tìnì kan ló pa á, lórí láptọ́ọ̀pù ló máa ń wà jù, ẹ wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lórí àwọn bọ́tìnì F òkè. Tí méjèèjì bá ní no, ẹ tẹ sudo dmesg | grep -i firmware. Tẹ́ ẹ bá rí failed pẹ̀lú error -2, fáìlì firmware ni kò sí. Lórí Ubuntu àti Mint, linux-firmware ló máa gbé e wá. Lórí Debian, ó máa jẹ́ firmware-realtek tàbí firmware-iwlwifi, àwọn tó lo Debian 12 lọ sókè ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí, torí láti 2023 ni Debian ti ń kó firmware mọ́ fáìlì tí wọ́n fi ń fi í sórí kọ̀ǹpútà.

Unmanaged, Debian ló wọ́pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ Wi-Fi lẹ lò nígbà tẹ́ ẹ ń fi Debian sí i, ó lè ti kọ orúkọ adapter sínú /etc/network/interfaces. Ẹ ṣí i pẹ̀lú sudo nano (nano ni wọ́n fi ń tún fáìlì kọ nínú Terminal), ẹ fi àmì # síwájú àwọn ìlà tó ní wlp3s0, ẹ má fọwọ́ kan àwọn ìlà tí wọ́n kọ "lo" sí, òun ni kọ̀ǹpútà fi ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ sudo systemctl restart NetworkManager.

Tó bá jẹ́ disconnected ńkọ́? Ẹ tẹ nmcli device wifi list, ẹ wò ó bóyá orúkọ ráútà yín wà níbẹ̀. Tó bá wà tí kò sì wọlé, ẹ pa ìrántí àtijọ́ rẹ́ kẹ́ ẹ tún un so, àgàgà tẹ́ ẹ bá ti yí pásíwọ́ọ̀dù ráútà láìpẹ́:

nmcli connection delete "OrúkọWiFiYín"
nmcli --ask device wifi connect "OrúkọWiFiYín"

Mo fẹ́ràn --ask yẹn torí ó máa bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, kò ní fi í sílẹ̀ sínú ìtàn Terminal fún ẹlòmíì láti rí. Tó bá ṣì ń kọ pásíwọ́ọ̀dù tó dá yín lójú pé ó tọ̀nà, nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò: bóyá ráútà wà lórí WPA3 nìkan, ìyẹn ààbò Wi-Fi tuntun, adapter àtijọ́ ò lè lò ó, ẹ dá a padà sí WPA2, bóyá èèyàn ti pọ̀ jù lórí MiFi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà ju 10 lọ, tó bá sì jẹ́ adapter USB, àwọn kan ò fẹ́ kí NetworkManager máa pààrọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn (MAC), ẹ ṣẹ̀dá fáìlì /etc/NetworkManager/conf.d/mac.conf, ẹ kọ ìlà méjì yìí sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ rístáàtì NetworkManager:

[device]
wifi.scan-rand-mac-address=no

Tí orúkọ ráútà ò bá tiẹ̀ yọ, tàbí tó ń yọ tó ń pòórá, sígínà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ gbé nǹkan sí ló kù. Ilé alámọ̀ tí ògiri ẹ̀ nípọn ní Ìlódè tàbí Mọ̀ọ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù Ọ̀pá, Wi-Fi 5GHz ò fẹ́ràn ògiri rárá, tí ráútà yín bá ní méjèèjì, 2.4GHz lẹ máa lò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Láwọn ibi tí họ́sítẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí, tí gbogbo yàrá ní MiFi tiẹ̀, ẹ wo abẹ́ CHAN (nọ́ńbà chánẹ́ẹ̀lì tí ráútà kọ̀ọ̀kan wà) nínú ohun tí nmcli device wifi list kọ, ẹ fi ráútà yín sórí 1, 6, tàbí 11, èyí tí èèyàn ò pọ̀ sí jù nínú mẹ́ta yẹn, wọ́n ò ní máa gorí ara wọn.

Ibi tí adapter wà lára dẹ́sítọ́ọ̀pù gan-an tún ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yẹn wò: adapter kékeré bí èékánná, ó lẹ̀ mọ́ páànù, páànù yẹn wà láàrin òun àti ráútà, abẹ́ tábìlì ni gbogbo ẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni ihò USB 3 tí inú ẹ̀ búlúù wà, tí wọ́n ki fílásì tàbí hádì-dísìkì bọ̀. USB 3 máa ń pariwo sórí 2.4GHz, Intel fúnra wọn ti kọ ìwé lórí ẹ̀ ní 2012. Ẹ ra wáyà USB tó gùn tó mítà kan, ẹ fi gbé adapter wá sókè tábìlì, jìnnà sí ihò búlúù yẹn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí, kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà iwájú signal bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e kiri:

watch -n1 iw dev wlp3s0 link

Tó bá wà láàrin -40 sí -60, ó dáa gan-an. Tó bá ti ń lọ sí -75, kò ní dúró pẹ́, -80 sísàlẹ̀ ẹ má retí nǹkan kan. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ní RTL8723BE, tó jẹ́ pé àfi tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà kó tó rí i, eriali tí dráífà yàn ni kì í ṣe èyí tí wọ́n so:

echo "options rtl8723be ant_sel=2" | sudo tee /etc/modprobe.d/rtl8723be.conf

Ẹ rístáàtì. Tí 2 ò bá yí nǹkan kan padà, ẹ fi 1 sí i.

Ó kù ti connected tí ojú ewé kankan ò ṣí. Ẹ tẹ ip route, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú default via ló máa fún yín ní nọ́ńbà ráútà, ó lè jẹ́ 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ wá tẹ mẹ́ta yìí tẹ̀ léra:

ping -c 4 192.168.8.1
ping -c 4 8.8.8.8
ping -c 4 google.com

Tí àkọ́kọ́ bá kọ̀, ẹ̀yin àti ráútà ni, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ sígínà. Tí èkejì bá kọ̀ tí àkọ́kọ́ gbà, ráútà ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ dátà. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta nìkan ló kọ̀, DNS ni, ohun tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà:

nmcli connection modify "OrúkọWiFiYín" ipv4.dns "1.1.1.1 8.8.8.8" ipv4.ignore-auto-dns yes
nmcli connection up "OrúkọWiFiYín"

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gbà, kí Firefox sì ṣì máa sọ pé ìkànnì gbogbo ò ṣeé fọkàn tán. Ẹ tẹ date kíákíá. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí bátìrì kékeré inú ẹ̀ ti kú, CR2032 tó rí roboto yẹn, máa ń gbàgbé ọjọ́ gbàrà tí iná bá lọ, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, ó lè bá yín jí sínú ọdún tó ti kọjá tipẹ́, sátífíkéètì ìkànnì ò sì ní bá ọjọ́ yẹn mu. sudo timedatectl set-ntp true máa gbé aago yẹn padà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bátìrì yẹn náà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ tó tún ń já, ẹ dán èyí wò ná:

sudo iw dev wlp3s0 set power_save off

Tó bá dúró dáadáa fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ ṣí /etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf pẹ̀lú sudo nano, ẹ yí wifi.powersave = 3 sí 2, kó lè máa wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rístáàtì. Tó bá ṣì ń já, ẹ ṣí sudo dmesg -w sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, tí USB disconnect bá jáde nígbà tó já, ó lè jẹ́ pé iná ò tó adapter, ẹ yọ ọ́ kúrò lára USB hub, ẹ fi í sára kọ̀ǹpútà tààrà.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbà, ẹ kó ohun tí uname -r, lspci -nnk, lsusb, rfkill list àti journalctl -b -u NetworkManager kọ jáde sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín wò ó, ẹ sọ fún un pé èwo nínú STATE márùn-ún yẹn ló ń jáde, kò ní nílò kẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílé kó tó mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀.